"Ta Ló Jàre?" Kọ́ Ni Ìbéèrè Àkọ́kọ́: Bí Mo Ṣe Ń Fi Pọ́díkáàsì Tẹ̀lé Ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2025. Aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán ti lù ní Ìbàdàn nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè mí láti Houston. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ń gbé Amẹ́ríkà. Kò tilẹ̀ rántí kí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa o. Kóòtù ti sọ pé ọmọ tí mo bá bí síbí kì í ṣe ọmọ ibí mọ́." Ẹnìkan ló fi àkọlé ìròyìn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, pé Ààrẹ Trump ti borí ní ilé ẹjọ́ gíga jùlọ.

Mo ní kó mu omi tútù, kó fún mi di alẹ́. Mi ò kọ́ ìmọ̀ òfin, mi ò sì ṣe lọ́yà rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé ni mo ti ń tẹ̀lé ilé ẹjọ́ yẹn, tí mo sì ń gbọ́ àwọn onímọ̀ òfin tó ń tú ìdájọ́ rẹ̀ palẹ̀ lórí pọ́díkáàsì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti gbọ́ ètò méjì tí wọ́n gbé jáde ní kíákíá, mo sì ti ṣí ìwé ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Mo pe àbúrò mi padà. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ni ohun tí kóòtù kò sọ.

Trump v. CASA ni orúkọ ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ọjọ́ tí wọ́n búra fún un gan-an, Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí ìjọba má ka ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà sí ọmọ ìlú mọ́ bí ìyá rẹ̀ kò bá ní ìwé ìgbélùú, tàbí bó bá jẹ́ ìwé onígbà díẹ̀ ló ní, tí bàbá ọmọ kò sì jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí ayé. Àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Maryland, Massachusetts àti ìpínlẹ̀ Washington dá àṣẹ náà dúró jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìjọba wá gba ilé ẹjọ́ gíga jùlọ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: wọn kò bi kóòtù bóyá àṣẹ náà bá ìwé òfin ilẹ̀ wọn mu. Wọ́n bi í bóyá adájọ́ kan ṣoṣo lè dá àṣẹ ààrẹ dúró fún gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tí kò bá wọn pẹjọ́ rárá.

Mẹ́fà nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án sọ pé ó jọ pé agbára adájọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Amy Coney Barrett ló kọ ìdájọ́ náà, ó sì gbé e ka orí òfin ọdún 1789 tó dá àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Lórí ẹ̀tọ́ ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ wọn, kò dájọ́ kankan. Àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn, tí wọ́n ṣe ní 1868, ṣì wà níbẹ̀. Ìdájọ́ Wong Kim Ark ti ọdún 1898, tó sọ pé ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ tí í ṣe ará Ṣáínà bí sí San Francisco jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣì wà níbẹ̀. Kóòtù tún ní kí ìjọba má tíì mú àṣẹ náà lò fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Ẹ̀rù tó ba àbúrò mi kì í ṣe ẹ̀rù òfo. Ìpínlẹ̀ 22 ló pẹjọ́, Texas tí Houston wà kò sì sí lára wọn. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé tí kò sí ohun mìíràn, ọmọ tí wọ́n bí sí Houston lè bọ́ sí ibi tí àṣẹ ìdádúró kò dé. Ṣùgbọ́n kóòtù ti fi ọ̀nà kan sílẹ̀, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí pọ́díkáàsì sì ti nàka sí i kí alẹ́ tó lẹ́: ẹjọ́ àpapọ̀, níbi tí ènìyàn díẹ̀ ti ń pẹjọ́ lórúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kan náà bá. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje, Adájọ́ Joseph Laplante ní New Hampshire gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé fún àwọn ọmọ tí àṣẹ náà kàn, ó sì dá àṣẹ náà dúró fún gbogbo wọn. Oṣù kẹwàá ni àbúrò mi bímọ. Àṣẹ ìdádúró ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá ka àkọlé nìkan sunkún lọ́jọ́ 27 oṣù kẹfà láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó bá gbọ́ àlàyé mọ ibi tí ewu wà, ó mọ ibi tí kò sí, ó sì mọ iye ọjọ́ tó kù fún un.

Bí ohùn inú kóòtù ṣe dé etí wa ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà kì í gba kámẹ́rà láyè. Láti 1955 ni wọ́n ti ń gba ohùn ìgbẹ́jọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara ìlú kì í gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni ìyípadà dé, nígbà tí àrùn Kòrónà lé àwọn adájọ́ sílé tí wọ́n sì ń gbọ́ ẹjọ́ lórí fóònù. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni níbikíbi ti lè gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tipa bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn Adájọ́ Clarence Thomas fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́wàá gbáko, láti 2006 sí 2016, ni ọkùnrin náà jókòó láìbi agbẹjọ́rò kankan ní ìbéèrè nínú ìgbẹ́jọ́. Àwọn ohùn àtijọ́ wà ní ìpamọ́ lórí ìkànnì ayélujára Oyez, ọ̀fẹ́ ni.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ni sáà wọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Òpin oṣù kẹfà ni àwọn ìdájọ́ tó gbóná jù máa ń rọ́ jáde, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Washington, tó jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ ìdájọ́. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbéèrè tí adájọ́ bá bi agbẹjọ́rò máa ń fi ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ hàn.

Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń ní kí ọmọ Nàìjíríà fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, torí ilé wa ló ti wá: Kiobel v. Royal Dutch Petroleum. Esther Kiobel ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ẹjọ́ náà. Ọkọ rẹ̀, Barinem Kiobel, wà lára àwọn ọmọ Ogoni mẹ́sàn-án, Ken Saro-Wiwa náà nínú wọn, tí ìjọba Abacha so rọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995. Òun àti àwọn ará Ogoni mìíràn gba ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lọ, wọ́n ní Shell, ilé-iṣẹ́ epo tí Royal Dutch Petroleum wà lára rẹ̀, ran ìjọba ológun lọ́wọ́ láti fi ìyà jẹ wọ́n. Òfin tí wọ́n dì mú jẹ́ ẹyọ kan lára òfin ọdún 1789 kan náà tí Barrett padà gbé ìdájọ́ tirẹ̀ kà. Ó fún àjèjì láyè láti pẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ìwà tó lòdì sí òfin àwọn orílẹ̀-èdè.

Ẹ lọ gbọ́ ìgbẹ́jọ́ ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2012. Ohun tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ gbọ́ ni bóyá ilé-iṣẹ́ lè jẹ́jọ́ lábẹ́ òfin yẹn. Agbẹjọ́rò àwọn Ogoni, Paul Hoffman, kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí àwọn adájọ́ fi yí ọ̀rọ̀ padà. Adájọ́ Samuel Alito bi í pé kí ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń wá ní kóòtù Amẹ́ríkà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ló pẹjọ́, tó jẹ́ Nàìjíríà ni ohun gbogbo ti ṣẹlẹ̀. Kò ní ya ẹni tó bá gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kóòtù ní kí wọ́n padà wá, kí wọ́n wá jiyàn bóyá òfin náà tilẹ̀ kan ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Wọ́n padà wá ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2013, ìdájọ́ jáde: òfin náà kò kàn án.

"Shell borí, mẹ́sàn-án sí òdo." Bí àwọn kan ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Nọ́ńbà náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan pamọ́. Adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gbà pé kí ẹjọ́ náà parí síbẹ̀. Lórí ìdí, márùn-ún gba ọ̀nà kan, mẹ́rin gba ọ̀nà mìíràn. Adájọ́ Stephen Breyer kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, mẹ́ta sì tẹ̀lé e. Ó ní kí kóòtù ṣílẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí bí àìgbọ́ ẹjọ́ náà yóò bá sọ Amẹ́ríkà di ibùba àwọn afìyàjẹni. Ìyàtọ̀ yẹn lè má já mọ́ nǹkan lójú ẹni tó ń béèrè ta ló jàre. Lójú ẹni tó ń mú ẹjọ́ tirẹ̀ bọ̀ lọ́la, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n wí i kedere: kóòtù kò sọ pé Shell kò jẹ̀bi. Kò sọ pé ó jẹ̀bi. Kò gbọ́ ìyẹn rárá.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ nínú ẹjọ́ tí àwọn ará Ogale àti Bille pe Shell lórí epo tó ba ilẹ̀ àti omi wọn jẹ́. Àwọn ènìyàn yọ̀ pé Shell ti fìdí rẹmi. Ohun tí kóòtù sọ ni pé ẹjọ́ náà ní ìpìlẹ̀ tó tó kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ṣì wà níwájú nígbà náà.

Ìwé ìdájọ́ náà ní ọ̀nà tí à ń gbà kà á. Ní Amẹ́ríkà, ojú ewé mélòó kan wà níwájú tó kó ọ̀rọ̀ náà jọ ní ṣókí; òṣìṣẹ́ kóòtù ló ń kọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe ara ìdájọ́. Mo ti rí akọ̀ròyìn tó fa ọ̀rọ̀ yọ níbẹ̀ tó ní adájọ́ ló sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdájọ́ gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn adájọ́ tó fara mọ́ àbájáde ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó takò. Nínú CASA, Adájọ́ Sonia Sotomayor kọ àtakò tí Kagan àti Jackson fọwọ́ sí, ó sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta nínú kóòtù, èyí tí wọn kì í ṣe lójoojúmọ́. Jackson tún kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àtakò kò ní agbára òfin. Síbẹ̀ ẹ má fò ó, nítorí nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí àwọn tó pọ̀ jù kò fẹ́ kí ẹ wò pẹ́.

Nígbà tí àwọn àgbà bá ń parí ìjà láàárín ẹbí, bàbá tó ń sọ̀rọ̀ lè pa ìtàn mẹ́ta, kó bú ẹnìkan, kó gbóríyìn fún ẹlòmíràn. Gbogbo ẹni tó jókòó ló mọ̀ pé ìgbà tó bá ní "nítorí náà, ìwọ, lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ" ló tó dájọ́. Bí ìwé adájọ́ ṣe rí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó gbà sọ lójú ọ̀nà pọ̀ nínú rẹ̀, ibi tó fẹsẹ̀ ìdájọ́ lé sì lè má ju ìpínrọ̀ méjì lọ. Olùgbọ́ tuntun kò ní tètè dá ìyàtọ̀ yẹn mọ̀. Iṣẹ́ tí pọ́díkáàsì tó dára ń ṣe fún mi nìyẹn: ẹni tó ti ka ẹgbẹ̀rún ìdájọ́ á ní, "Ẹ wo ojú ewé kan báyìí, ibẹ̀ gan-an ló wà." Ọ̀rọ̀ wọn tó le kì í sì í le mọ́ bí a bá fi Yorùbá rò ó. Ohun tí wọ́n ń pè ní standing, ìbéèrè ìyá àgbà ni: "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Wàyí o, adájọ́ kọ́ ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí pọ́díkáàsì. Strict Scrutiny, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ló ń ṣe é: Leah Litman, Melissa Murray àti Kate Shaw. Wọ́n mọ ìwé, wọn kò sì fi pamọ́ pé àwọn adájọ́ mẹ́fà tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ CASA kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Sarah Isgur àti David French tó ń ṣe Advisory Opinions ti inú ẹgbẹ́ àwọn tí kò fẹ́ kí adájọ́ máa tún òfin ṣe wá. Wọ́n ń rí ọgbọ́n nínú ìdájọ́ tí àwọn ti àkọ́kọ́ ti rí ìparun. Dahlia Lithwick ń ṣe Amicus fún ìwé ìròyìn Slate. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Divided Argument, tí William Baude àti Dan Epps ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni àwọn méjèèjì, wọn kì í sì í bẹ̀rù láti sọ pé "Èmi kò gbà fún ọ" síra wọn lójú gbogbo ènìyàn. Baude yìí ló fún àwọn àṣẹ pàjáwìrì tí kóòtù ń pa láìgbọ́ ẹjọ́ ní kíkún, nígbà mìíràn láìsọ ìdí kankan, ní orúkọ tí ọ̀pọ̀ lọ́yà ń pè wọ́n lónìí, shadow docket. Ọdún 2015 nìyẹn. Níbi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni alálàyé ti wúlò jù, torí kò sí ìwé gígùn tí ẹ ó kà.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo máa ń gbọ́ ètò kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó yọ̀ àti ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tí inú bí, lórí ìdájọ́ kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá gbà pé kóòtù sọ ohun kan, mo mọ̀ pé ó sọ ọ́. Ibi tí wọ́n ti yapa ni mo máa ń ṣí ìwé sí. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ́ sí: ohun tí wọ́n bi kóòtù, ohun tó dáhùn, àti ohun tó fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Bí mi ò bá tíì lè kọ ẹ̀kẹta yẹn, mi ò tíì gbọ́ ọ yé. N kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi lè kọ ọ́.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ilé wo ni wọn kò ti mẹ́nu ba ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19? Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wa dá ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Shagari lórí ìdìbò ààrẹ ọdún náà. Òfin ní kí ẹni tó bá máa di ààrẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Shagari ní in ní ìpínlẹ̀ 12. Ṣé 13 ni òfin ń béèrè ni, àbí 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan? Atanda Fatayi-Williams, tó jẹ́ adájọ́ àgbà nígbà náà, ló ṣíwájú àwọn tó da ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ nù. Kayode Eso takò wọ́n, ó ní 13 ni. Bàbá mi bínú sí ìdájọ́ yẹn títí tó fi kú, kò sì mọ ohun tí Eso kọ. Kò sẹ́ni tó kà á fún un ní èdè tó gbọ́. Nígbà tí Gani Fawehinmi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Nigerian Weekly Law Reports jáde ní 1985, ó ṣe oore ńlá fún àwọn lọ́yà ilẹ̀ yìí, torí wọ́n ń rí ìdájọ́ kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà ló ṣe é fún, Gẹ̀ẹ́sì sì ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Àbújá ní kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa dé ọwọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má sì fi ìgbìmọ̀ tí ìlú kò dìbò yàn ṣe àkóso wọn. Ọ̀rọ̀ tó kan gọ́tà iwájú ilé wa àti òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò ni. Ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò lọ́jọ́ náà kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ: gómìnà pàdánù. Ọ̀la rẹ̀, obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ fún wa bi mí bóyá alága káńsù ti lè tún ọjà ṣe báyìí. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àlàyé tí mo rí gbọ́ lórí ẹ̀rọ, n kò sì rí èyí tí mo lè ní kó gbọ́.

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó gbọ́ Yorùbá, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Àwọn ènìyàn wa ń jí ní òwúrọ̀ láti gbọ́ ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn fún wọn lórí rédíò ní èdè wọn. Wọn yóò gbọ́ yín pẹ̀lú. Fóònù kan tó, ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹ sọ ohun tí wọ́n bi kóòtù, ẹ sọ èsì rẹ̀, ẹ sọ ohun tó fi sílẹ̀, kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ adájọ́ tó takò pẹ̀lú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdájọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn tí ẹ bá ka èyí.